Ihò Mẹ́fà Nísàlẹ̀ Ọkọ̀

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rè é tí mo ti ń dí ihò jẹun. Púlọ́ńbà ni mí, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Páìpù kan ló bẹ́ nílé ìyá mi nígbà ọ̀dọ́ mi. Mo tú u, mo wò ó títí, mo tún un tò, kò sì jò mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Páìpù, kódà nígbà tí n kò tíì níyàwó. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ó ṣì ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí.

Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn lé lórí tó sì ń lọ. Eléyìí, apá oorun kò ká a. Orúnkún mi méjèèjì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, nítorí abẹ́ síńkì ni mo fi wọ́n gbé. Fóònù mi kì í sinmi. Bí mo bá bu oúnjẹ sẹ́nu, ẹnì kan á pè pé omi ilé ìwẹ̀ òun ń kán sórí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀. Kí n tó gbé e mì, ẹlòmíràn á pè pé òun kò rí omi rárá láti àná. Àárín ẹni tó ń jò àti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ni mo ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ rí i. Iṣẹ́ kíkun ilé ló ṣe títí apá ọ̀tún rẹ̀ fi kọ̀ láti gòkè ju èjìká lọ, ó sì fẹ̀yìn tì. Ó wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ó bá mi níbi tí mo ti sùn lọ lórí ìjókòó, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Páìpù," ó ní, "ìgbà wo lo jókòó kẹ́yìn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè pè ọ́?"

"Nílé ìgbọ̀nsẹ̀," mo dáhùn. "Wọ́n tún ń pè mí níbẹ̀ náà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan, ó jókòó. Ó ní apá òun kò lè wa ọkọ̀ mọ́, káyáàkì òun, ọkọ̀ omi kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, eruku ń bò ó. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń gbé e lọ sórí òkun ní àràárọ̀ Sátidé, tó ń fi ìwọ̀ pẹja. "Mo lè fún ọ," ó ní, "bí o bá máa kọ́ ọ bó ṣe yẹ. Bí o kò bá ní kọ́ ọ, bábà tó ń gẹrun ládùúgbò mi ti ń fi ẹ̀bẹ̀ pa mí."

Ìyàwó mi dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró ní yàrá iwájú. Kọ́tìnì ni ó ń rán, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ kọjá ariwo ẹ̀rọ. Ó wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ọkọ mi náà, ẹ gbọ́. Òkun kì í ṣe síńkì. Mi ò ní ní kí ẹ má lọ, torí èmi náà ń rí ojú yín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Ọjọ́ tí ọkọ̀ adóòlà bá lọ gbé yín bọ̀ láti orí omi, ọjọ́ náà ni ọkọ̀ yẹn kúrò nílé yìí. Kì í ṣe ọjọ́ kejì o."

"Mo gbà," ni mo wí.

"Ẹ ti tètè gbà jù," ó ní, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi dà bí aṣọ tó rán: kì í tú. Ẹ̀gbọ́n mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń bi mí bóyá ó ṣì wù mí, mo sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àràárọ̀ Sátidé kan lọ́sẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń jò. N kò bèèrè ju ìyẹn lọ láyé.

Káyáàkì náà kì í ṣe irú ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ inú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, bí ẹni jókòó sẹ́yìn ẹja ńlá. Ike líle ni, ó pọ́n bí ọsàn, ó gùn ju èèyàn méjì tó dùbúlẹ̀ lọ díẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n dí i pa yíká bí agbè tí wọ́n dé lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé e léfòó. Àwo gbọọrọ kan wà lórí rẹ̀ tí ìdí àti ẹsẹ̀ ń gbé, wọ́n sì tẹ́ rọ́bà sínú àwo náà. Àjẹ̀ rẹ̀ ní ojú méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹni tó ń wà á kò sì ní láti máa pààrọ̀ ọwọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi wo àjẹ̀ yẹn, tí mo ń rí bí wọ́n ṣe yí ojú kan kúrò lójú kejì kí afẹ́fẹ́ má baà gbá èyí tó wà lókè. Ẹni tó ro ìyẹn, ó rò ó dáadáa.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwọ̀. A wà nínú omi tó dé àyà. Ó ní kí n ṣubú.

"Kí n ṣubú báwo?"

"Bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan ṣe. Kò yẹ kó nira fún ọ."

Mo ṣubú. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń padà gun orí ọkọ̀: ìdodo, ìdí, ẹsẹ̀. Wàá kọ́kọ́ ju ara sókè títí ìdodo rẹ á fi kan àárín ọkọ̀, wàá yí títí ìdí á fi bọ́ sórí ìjókòó, wàá wá gbé ẹsẹ̀ wọlé kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀, inú omi ló ń padà sí. Ìgbà mọ́kànlá ni mo ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo délé, mo lọ tún ẹ̀rọ omi mẹ́ta ṣe.

Ní Sátidé kejì, okùn la kọ́. Gbogbo ohun tó bá wà lórí ọkọ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ọn: àjẹ̀, ọ̀pá ìwọ̀, àpò ẹja, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja. "Ohun tí o kò bá so," ẹ̀gbọ́n mi wí, "ti òkun ni." Ní ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́ la kọ́: lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ara rẹ ṣì le, kí ó lè tì ọ́ bọ̀ nígbà tó bá rẹ̀ ọ́. Ní ẹ̀kẹrin, ó kọ́ mi bí ẹni tó wà lórí omi ṣe ń mọ̀ bóyá òun ń lọ tàbí òun kò lọ. Wàá wá ohun méjì lórí ilẹ̀ tí ọ̀kan wà níwájú èkejì, wàá máa wò ó bóyá wọ́n ń súnra wọn. Fún mi, ó mú táǹkì omi gíga tó wà lẹ́yìn ìlú àti òrùlé pupa kan tó wà létí òkun. Mo mọ táǹkì náà. Èmi ni mo pààrọ̀ páìpù ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tí kò yé mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó, ìdí mi máa ń rin. Mo sọ fún un.

"Ìdí á máa rin," ó ní. "Fara mọ́ ọn."

Fara mọ́ ọn. Ẹ sọ ìyẹn fún púlọ́ńbà.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọkọ̀ náà sẹ́yìnkùlé wa láti fọ̀ ọ́ sílẹ̀, nítorí ọjọ́ kejì ni n óò dá jáde sórí òkun gidi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ká rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sínú àwo rẹ̀. Ihò ni mo rí. Ihò roboto tí àtàǹpàkò mi wọ̀, ó gba orí ọkọ̀ kọjá sísàlẹ̀, mo sì ń rí koríko ẹ̀yìnkùlé láti ibẹ̀. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́fà. Méjì níbi ẹsẹ̀, méjì níbi ìdí, méjì lẹ́yìn ìjókòó. Sátidé mẹ́rin ni mo ti jókòó lé wọn lórí láìmọ̀.

Ara mi tutù. Mo rò ó pé ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà, pé ohun tí wọ́n fi dí àwọn ihò náà ti já bọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì mọ̀; ohun tó ń mú ìdí rẹ̀ rin láti ọdún mẹ́sàn-án nìyí tó fi ń fara mọ́ ọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé àpótí iṣẹ́ mi jáde.

N kò sáré ṣe é. Mo gé rọ́bà dúdú sí ìwọ̀n ihò kọ̀ọ̀kan, mo fi ìwé oníyanrìn ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè dì í mú, mo tì í wọlé láti òkè, mo tún fi gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí àgbá omi bò ó. Nígbà tó gbẹ, mo bu garawa omi kan sínú àwo náà, mo jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Ẹ̀kán kan kò jò. Mo da omi náà nù, mo tẹ́ rọ́bà padà. Mo ní n kò ní sọ fún ẹ̀gbọ́n mi títí n óò fi bọ̀ pẹ̀lú ìdí gbígbẹ. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ kan ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, afẹ́fẹ́ tí kò lágbára ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkun. Mo fi fóònù mi sílẹ̀ fún ìyàwó mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àga kan sétí omi, ó so fèrè mọ́ ọrùn, fóònù tirẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó yẹ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì wò lára mi, ó fa okùn rẹ̀ le.

"Bí nǹkan bá burú," ó ní, "gbé àjẹ̀ dúró ṣánṣán lókè orí rẹ. Bí mo bá ti rí i, mo pe àwọn adóòlà nìyẹn."

"Ẹ sì mọ ohun tí ìyàwó mi sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ojú mi ò níí kúrò lára rẹ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Máa lọ."

Mo wà á lọ títí òrùlé pupa náà fi kéré bí ìdérí ìgò. Mo dúró. Kò sí ẹni tó pè mí. Ó ṣòro láti ṣàlàyé ohun tí èyí ṣe fún mi. Mo kàn jókòó níbẹ̀, ọwọ́ mi lórí àjẹ̀, tí mo ń gbọ́ omi tó ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì jẹ́ omi tí kì í ṣe ẹjọ́ mi.

Mo fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀, mo jẹ́ kí òjé fa okùn náà lọ sísàlẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀, mo wá fà á sókè ní ìwọ̀n apá kan bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Kò pẹ́, ohun kan kan okùn náà. Ó ń lù ú kó, kó. Ó dà bí afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù. Mo dúró. Ó tún kan, ó fà, mo gbé ọ̀pá sókè, ẹja sì wà lẹ́nu ìwọ̀. Ó gùn tó láti igbọ̀nwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́. Mo fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀, mo fi ẹja sínú àpò, mo sì so àpò náà. Mo rẹ́rìn-ín sí ara mi bí aláìmọ̀kan.

Àárín ìgbà yẹn ni ìgbì ti ń fò wá sórí ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbì kan á bu ìwọ̀n ife kan sínú àwo níbi ẹsẹ̀ mi, òmíràn á tún bu tirẹ̀. N kò kà á sí. Kò sí èyí tó gba ìsàlẹ̀ wá, inú mi sì ń dùn sí rọ́bà mi. Àfi ìgbà tí mo fẹ́ ju ìwọ̀ padà tí mo rí i pé omi ti bo itan mi. Bí mo bá tẹ̀ sí ọ̀tún, gbogbo omi náà á dà lọ sí ọ̀tún, á sì máa fà mí lọ. Bí mo bá tẹ̀ sósì, á tún tẹ̀ lé mi. Mo fi ike ìjẹ bù ú dà nù. Bí mo bá bu márùn-ún, ìgbì kan á dá mẹ́fà padà.

Mo wo omi náà. Ó dúró pa sínú àwo, ó mọ́, kò ní ibi tó ń lọ. Síńkì tó kún ni. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń pè mí wá wo síńkì tó kún, n kò sì tíì rí ọ̀kan rí tó jẹ́ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dí i.

Àwọn ihò náà kò wọ inú ọkọ̀. Wọ́n kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni, bí páìpù tó la ògiri já. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé omi á máa fò wá sókè, ó sì fún un lọ́nà ìsàlẹ̀. Díẹ̀ nínú òkun á máa yọjú wọlé, ìdí á máa rin, èyí tó pọ̀ á sì máa lọ. Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, ó dára gan-an, bí mo ṣe ń rì ni mo sì ń yìn ín.

Ọkàn mi ń sọ pé bí mo bá ṣí ihò kan lórí òkun, òkun á wọlé. Ṣùgbọ́n omi inú àwo ga ju omi ìta lọ. Omi tó bá wà lókè tí ọ̀nà ṣí fún, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ì báà jẹ́ nílé olówó, ì báà jẹ́ lórí òkun. Mo ká rọ́bà kúrò níbi ẹsẹ̀, mo fi ẹ̀mú mú èyí tí mo fi dí ihò àkọ́kọ́. Kò mì. Iṣẹ́ mi dára jù. Mo fà á, mo yí i, mo bú ẹni tó ṣe é. Nígbà tó já, omi yí po lórí ihò náà bó ṣe máa ń yí po lójú síńkì, ó sì ń lọ. Mo yọ èkejì. Mo yọ méjì tó wà níbi ìdí. Méjì ẹ̀yìn ìjókòó, ọwọ́ mi kò tó wọn. Mẹ́rin náà tó. Ọkọ̀ gbérí, ara rẹ̀ fúyẹ́ lábẹ́ mi.

Mo wá gbójú sókè. Afẹ́fẹ́ ti yí. Orí ilẹ̀ ló ti ń fẹ́ bọ̀ báyìí, ó ti ń tì mí lọ sójú òkun ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń jà pẹ̀lú rọ́bà. N kò rí àga ẹ̀gbọ́n mi mọ́, àfi ohun kan tó dúdú létí omi. Mo mú àjẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà. Mo wà á títí èjìká mi fi gbóná. Mo wo táǹkì àti òrùlé: òrùlé náà kò tóbi sí i. Mo tún wà á, mo ń ka ìgbà tí ojú àjẹ̀ ń kan omi. Nígbà tí mo kà dé ọ̀ọ́dúnrún, mo wò ó. Ó tilẹ̀ tún kéré sí i.

Àárẹ̀ wá dé, kì í sì í ṣe tọjọ́ náà nìkan. Gbogbo èyí tí mo ti tò pa mọ́ sínú orúnkún àti ẹ̀yìn mi ló jáde. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé àjẹ̀ sókè, ọkọ̀ yìí lọ nìyẹn, àti àwọn Sátidé mi. Mo lè máa wà á lọ. Ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ lábẹ́ síńkì: ó kù díẹ̀, màá dá a ṣe. Mo wo òrùlé náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo gbé àjẹ̀ dúró ṣánṣán lókè orí mi. Ó wúwo. Mo gbé e dúró títí mo fi gbọ́ fèrè, tó dún fíntínfíntín láti ọ̀nà jíjìn.

Obìnrin kan ló wa ọkọ̀ adóòlà náà, kò sì pariwo lé mi lórí. Ó ju okùn sí mi, ó ràn mí lọ́wọ́ láti gòkè sọ́dọ̀ rẹ̀, ó so káyáàkì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀. Ó wo inú àwo náà, ó wò mí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ta ló dí ihò ẹ̀yìn wọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Púlọ́ńbà."

Ó mi orí, ó sì wa ọkọ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná mi ń jò," ó wá sọ. "Àmọ́ màá dúró dọjọ́ Ajé."

Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ inú omi dé orúnkún nígbà tí a dé. Ó dì mí lápá pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó dára. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan gọ́ọ̀mù mi lẹ́yìn ìjókòó.

"Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú," ó ní. "Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́ ọ láti má tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe."

"Ẹ ò sọ fún mi pé ihò wà níbẹ̀."

"Òótọ́ ni. Mi ò sọ." Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dà bí ẹni tó dàgbà ju bó ṣe rí láàárọ̀. "Bábà àdúgbò mi máa yọ̀."

A gbé ọkọ̀ náà délé, a fi í ti ògiri ìta, nítorí mo gbà pé kò ní wọ inú ilé wa mọ́. Ìyàwó mi jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣùgbọ́n kò rán nǹkan kan. Aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, kò sì lọ.

"Ẹ̀gbọ́n ti pè mí," ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé àjẹ̀ sókè."

"Èmi ni. Mo mọ ohun tí a jọ sọ. Ẹ̀gbọ́n á gbé e lọ nísinsìnyí."

"Kò sí ẹni tó sọ fún yín pé kí ẹ gbé e sókè?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Ẹja?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka rẹ̀. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà nílé yìí. Ẹ dá gbé ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ní kí ẹ pe aládùúgbò wa. Ẹ ní kò tó nǹkan. Mi ò tíì rí yín kí ẹ pe ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ló ń pè yín." "Kì í ṣe òkun ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin lẹ ń bà mí lẹ́rù. Kọ́tìnì fèrèsé kan ni mo fẹ́ rán, fèrèsé mìíràn ni mo lọ wọ̀n."

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀.

"Màá tú ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí, màá tún un rán," ó ní. "Ọjọ́ tí ẹ bá wà nínú wàhálà tí ẹ ò gbé àjẹ̀ sókè, ọjọ́ náà ni ọkọ̀ yẹn kúrò nílé. Ẹ gbọ́?"

Mo kọ́kọ́ rò ó wò. "Mo gbọ́."

"Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ò tètè dáhùn jù. Ẹja tí ẹ dárúkọ ńkọ́? Àbí òun náà ti lọ?"

Ẹja náà wà nínú àpò, okùn ṣì so ó. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó lọ́tùn-ún lósì, ó ní òun ti rí abẹ́rẹ́ tó tóbi jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí iṣẹ́ mi, ó lọ síta láti lọ yọ rọ́bà méjì tó kù. Mo ń gbọ́ ọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń bú iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Mo jókòó pẹ̀lú aṣọ tútù lára. N kò mọ ìgbà tí orí mi ṣubú sórí tábìlì. Ohun tí mo gbọ́ ni fóònù mi tó ń dún ní yàrá iwájú, ọwọ́ mi sì ti ń wá a kí n tó jí tán. Ìyàwó mi ti gbé e.

"Bẹ́ẹ̀ ni, fóònù rẹ̀ ni," ó ń sọ. "Rárá, kò sí nílé. Ó wà lórí òkun." Ó tẹ́tí sílẹ̀. "Ẹ fi garawa sábẹ́ ẹ̀. Àbí kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Wọn kì í pe èèyàn níbẹ̀."

N kò la ojú.